Bíbélì Tó Jókòó Dípò Ọmọ Ajùwọ̀n

Ẹ má wò mí báyìí o. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi ni mo máa ń sọ ẹni tó wá sílé Ọlọ́run àti ẹni tí kò wá. Tí mo bá ti fa ìlà kan pẹ́rẹ́ síwájú nọ́ńbà ẹ, o ti wà níwájú Olúwa nìyẹn, ì báà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lo wà tó ò ń hanrun. Rẹ́kítọ̀ gan-an ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bírò tí mo fi ń ṣe é, wọ́n fi okùn so ó mọ́ mi lọ́rùn bí ewúrẹ́ ọdún, torí pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, bírò mẹ́ta ni mo ti sọ nù.

Ẹ̀yìn Mowé ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wà. Tó o bá ti kúrò lórí títì márosẹ̀, tó o wọ kẹ̀kẹ́ máàrúwá, tó o gba inú kòtò mẹ́rin kọjá, tó o wá ń rò ó pé o ti ṣìnà, o ti débẹ̀ nìyẹn. Ó kéré. Tí ẹnì kan bá sín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin, ẹni tó wà ní láíbìrì á ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì ní ètò kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀kì-sítọ́dì: táwọn òbí ẹ ò bá lágbára gbogbo owó sùkúùlù, ìwọ ọmọ á máa ṣiṣẹ́ fún sùkúùlù, wọ́n á dín owó náà kù. Màámi, tó ń ránṣọ ní Òkè-Àró, ló gbọ́ nípa ẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò wá sí Mowé, wọ́n kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Mà, ọmọ mi máa ń ṣiṣẹ́ gan-an ni." Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé màámi pa látìgbà tí wọ́n ti di àtúnbí nìyẹn, torí tèmi náà sì ni.

Kíṣìnì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi sí. Wọ́n ní kí n máa bẹ iṣu. Mo bẹ ẹ́ débi pé ìyá olóúnjẹ mú èèpo kan nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bíi dókítà.

"Ọmọ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lo fẹ́ bọ́ ni àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni, mà."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ lo fún níṣu?"

Ni wọ́n bá gbé mi lọ sínú ọgbà. Lọ́jọ́ kejì, mo fi àdá gé gbogbo igbó iwájú ọ́fíìsì Rẹ́kítọ̀ mọ́lẹ̀ tónítóní, mo tún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè yìn mí. Òdòdó ni. Ìyàwó Rẹ́kítọ̀ ló gbìn ín. Wọ́n tún gbé mi lọ síbi tí sùkúùlù ti ń ṣe búrẹ́dì, ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé Ọlọ́run fún mi lẹ́bùn lóòótọ́. Ẹ̀bùn jíjẹ ni.

Ọ̀rọ̀ mi wá dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì Dín. Àwọn ni Dín tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn náà ni wọ́n ń pín iṣẹ́ fún àwa ọmọ wọ́ọ̀kì-sítọ́dì. Ẹ̀yìn wọn nìkan la ti ń pè wọ́n ní Mọ́mì. Tá a bá dé iwájú wọn, "mà" ni, ẹ̀rín ò sì sí lára ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n ṣí fáìlì mi, wọ́n kà á, wọ́n pa á dé.

"Iṣẹ́ kan ló kù tẹ́nikẹ́ni ò lè bà jẹ́."

"Ẹ ṣé, mà."

"Mi ò yìn ẹ́."

Bí mo ṣe di Máàkà nìyẹn. Orúkọ tí gbogbo sùkúùlù ń pè mí nìyẹn títí mo fi kúrò, àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bí mi pẹ̀lú òmíì.

Iṣẹ́ máàkì ṣápẹ́ẹ̀lì ò gba ọgbọ́n, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi gbé e fún mi. Aago méje àárọ̀ la máa ń wọ ṣápẹ́ẹ̀lì. Àga kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sẹ́yìn ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àga tiẹ̀. Èmi á gbé bọ́ọ̀dù mi dání, màá máa rìn lọ láàárín. Tí ìdí bá wà lórí àga, mo fa ìlà. Tí àga bá ṣófo, mo fi òdo síbẹ̀. Òdo mẹ́ta, wọ́n kọ lẹ́tà sílé. O ò ní láti mọ ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn orí nìkan lò ń wò. Títí dòní, tí mo bá rí àwọn tá a jọ lọ sùkúùlù yẹn n'Ìbafò, ó dìgbà tí wọ́n bá kọjá tán kí n tó dá wọn mọ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀ ṣá, òun ló kó bá mi. Lọ́jọ́ kan, kí n tó débẹ̀, ẹ̀wà kíṣìnì da gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì nínú rú, ìdajì ìjọ wà ní ṣáláńgá nígbà tí máàkà ń kọjá, gbogbo wọn gba òdo. Igbe pọ̀. Ni sùkúùlù bá ṣòfin pé tí ẹnì kan bá fẹ́ jáde lọ gbọnsẹ̀, kó fi Bíbélì sílẹ̀ lórí àga ẹ̀. Tí máàkà bá ti rí Bíbélì, ó ti rí èèyàn nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹ gbé irú òfin yẹn fún èmi tó jẹ búrẹ́dì sùkúùlù.

Láàárín oṣù kan, mo ti ní Bíbélì mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ìkẹta, wọ́n gbàgbé ẹ̀ sínú ṣápẹ́ẹ̀lì, mo gbà á tọ́. Tẹ́ ẹ bá rí mi láàárọ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn lápá, ẹ̀ẹ́ rò pé mo fẹ́ di bíṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti di bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wọlé, mo ti gbé Bíbélì ka àga àwọn oníbàárà mi tí ọjọ́ náà kàn, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń sùn, wọ́n sì wà níwájú Olúwa. Ẹyin rọ́ọ̀lù kan lọ́sẹ̀ kan ni owó iṣẹ́ mi. Àwọn tó bá mọyì èèyàn máa ń fi mínírà lé e. Bíbélì mi lọ sí ìsìn jù mí lọ, torí èmi tí mo dúró síbẹ̀ gan-an, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹyin rọ́ọ̀lù.

Ọ̀kan wà tí mi ò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Àga kẹrìnlá ní ìlà kejì, lọ́wọ́ òsì. Ọmọbìnrin Ajùwọ̀n kan ni, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn, ó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù, àwọn tó ń fi awò wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ èèyàn. Kò pẹ́ dé ṣápẹ́ẹ̀lì rí débi tí màá fi ràn án lọ́wọ́. Ohun tó máa ń sọ fún mi kò ju ẹyọ kan lọ, tí mo bá ń kọjá pẹ̀lú bọ́ọ̀dù: "Máàkà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀yìn orí ẹ̀ dáa gan-an, ẹ má bínú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan báyìí, àga ẹ̀ ṣófo.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á fi òdo síbẹ̀, á kọjá. Tàbí kó bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Ṣé kò sí o?" Èmi ńkọ́? Inú mi dùn. Mo ní ó ti sùn gbàgbé, àkókò mi ti dé. Mo yọ Bíbélì tèmi gan-an, èyí tó ní síìpù, mo gbé e sórí àga ẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ sùn, mo fa ìlà. Túsìdeè, kò tún sí. Mo tún gbé e síbẹ̀. Wẹ́sìdeè náà, mo gbé e síbẹ̀. Mo ti ń ro bó ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti dé ibi tí a ti ń sọ ọmọ wa lórúkọ.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló dé. Ó ti rù. Ibi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀. Ó lọ sílé l'Ájùwọ̀n lópin ọ̀sẹ̀, ibà dá a wó, láti ọjọ́ Sọ́ńdè títí di alẹ́ Wẹ́sìdeè, ọsibítù ló wà tí wọ́n ń fa omi sí i lára. Ìdánwò láàbù, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, Mọ́ńdè yẹn ni wọ́n ṣe é, aago mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò bá ṣe é, ọdún kan gbáko ló máa fi tún un ṣe, àyàfi tó bá ní ìwé ọsibítù. Ó ní ìwé ọsibítù. Ó mú un fún lẹ́kítọ̀ wọn, lẹ́kítọ̀ mú un lọ bá Mọ́mì Dín. Mọ́mì Dín, tó máa ń wádìí ọ̀rọ̀ dáadáa, ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù ṣápẹ́ẹ̀lì wá.

Èmi ni mo gbé e wá. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo bá ọmọ náà tó dúró níwájú tábìlì. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Mọ́mì Dín tọ́ka sí àwọn ìlà mẹ́ta yẹn. "Ọwọ́ ta lèyí?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ọmọ yìí ní òun wà lọ́sibítù l'Ájùwọ̀n láti Sọ́ńdè dé Wẹ́sìdeè. Bọ́ọ̀dù ẹ ní ó wà ní ṣápẹ́ẹ̀lì. Ṣé ó wà níbẹ̀ ni àbí kò sí níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, ibẹ̀ yẹn ló ti máa sọ òótọ́, ìtàn á parí, ẹ̀yin á sì lọ wá nǹkan míì kà. Àmọ́ ahọ́n mi ti sáré jáde kí n tó mú un.

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"O rí i?"

"Kòrókòró, mà. Kódà, Àmín tiẹ̀ ló ròkè jù."

Ọmọ náà yíjú sí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí iwájú ojú ẹ̀ dáadáa nìyẹn.

"Àmín èmi?"

Mọ́mì Dín yọ gíláàsì ojú wọn. "Omi l'Ájùwọ̀n, Àmín ní Mowé. Ọ̀kan nínú méjèèjì, irọ́ ni."

"Mà, ẹ pe dókítà."

"Mo ti pe nọ́ńbà orí ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lọ. Ìwé ọsibítù, èèyàn lè ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Bọ́ọ̀dù yìí, ọmọ sùkúùlù ló kọ ọ́ nínú ilé Ọlọ́run." Wọ́n wò mí bí ẹni wo òpó ìjọ. "Títí di Fráídè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mú ẹ̀rí míì wá. Tí kò bá sí, ìwé ayédèrú nìyẹn, wàá tún ọdún yìí kà."

Nígbà tá a dé ìta, kò pariwo. Ó dúró ní kọ́rídọ̀ níbẹ̀, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ara ẹ̀ ò tíì yá.

"Máàkà, níbo lo ti rí mi?"

"Mo rò pé..."

"O rò." Ó lọ.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Ìkìrun ni, bàbá ẹ̀ ń jó irin n'Ìbafò, òun náà sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jó irin. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ fọ ṣọ́ọ̀tì ẹ̀ tán, ó fún un, ó sá a.

"Tó ò bá sọ̀rọ̀, ọdún kan ọmọ ọlọ́mọ wọgbó. Tó o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kò sì sí bó o ṣe máa dúró síbí láìsí iṣẹ́ yẹn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èwo wá ni àdánù jù?"

"Ìyẹn gan-an ni mò ń bi ẹ́."

"Lọ wo èsì ìdánwò ẹ lára ògiri kó o tó bi mí."

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ṣá. Èsì mi tó wà lára ògiri níta ọ́fíìsì, tí wọ́n bá sọ ọ́ di tẹ́ńpéréṣọ̀ ara èèyàn, òkú ni. Ọmọ Ajùwọ̀n yẹn, ọsibítù kan n'Ífọ̀ ti ní kó máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́ tó bá ti jáde lọ́dún yẹn. Èmi, ta ló ń retí mi? Síbẹ̀, mi ò lọ. Fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, mi ò lọ. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti jí bọ́ọ̀dù yẹn, kí n sọ ìlà di òdo, mo bá a pé wọ́n ti tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo wá gbàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí nọ́ńbà dókítà yẹn lọ. Ẹ wò ó, mo mọ ẹni tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi ni, mo wá lọ ń di ìyọnu ru Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo rí màmá ẹ̀ ní géètì. Wọ́n ti wá láti Ajùwọ̀n, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn sìkiọ́rítì, wọ́n di ìwé ọsibítù náà mú sínú ọ̀rá kó má bàa dọ̀tí. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ṣé o mọ ọmọ tó ní òun rí ọmọ mi ní ṣápẹ́ẹ̀lì? Mo kàn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, mà.

Mi ò lè sùn lọ́jọ́ yẹn, tàbí kí n sọ òótọ́, mo sùn, àmọ́ mi ò gbádùn ẹ̀.

Fráídè, mo wọ kóòtù tí wọ́n fi ń lọ ṣápẹ́ẹ̀lì, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀, ó ní kókó mẹ́ta. Mo wọlé bá Mọ́mì Dín, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kókó kìíní.

"Mà, bí ọmọ onínàákúnàá ṣe padà sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀..."

"Dìde. Ta lo ń fi Bíbélì gba àga fún?"

Wọ́n ti mọ̀. Àbí wọ́n fura ni, mi ò mọ̀ títí dòní. Kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ nù lẹ́nu mi. "Ọmọ Ajùwọ̀n yẹn, mà. Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí níbẹ̀. Kò mọ̀ nípa ẹ̀."

"Àwọn mélòó míì?"

Mo ń ka ìka. Mo ka ìka ọwọ́ ọ̀tún tán, mo bọ́ sí tòsì.

"Mo ní mélòó?"

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló máa yá."

Wọ́n ní kí n lọ kó àwọn Bíbélì náà wá. Mo tò wọ́n sórí tábìlì. Wọ́n ṣí èyí tó ní síìpù, ojú ìwé ẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

"Ṣé o tiẹ̀ ń kà wọ́n?"

"Mo máa ń gbé wọn, mà."

Wọ́n pe ọmọ náà àti màmá ẹ̀ wọlé, wọ́n buwọ́ lùwé níwájú gbogbo wa pé kó ṣe ìdánwò ẹ̀ ní Mọ́ńdè. Màmá náà wò mí, wọ́n rántí ojú mi láti géètì. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò gbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa nítorí àwọn ará Òkè-Àró: wọn ò lé mi o. Wọ́n kàn yọ mí kúrò ní wọ́ọ̀kì-sítọ́dì, wọ́n ní kí n máa san owó tèmi pé bí ọmọ olówó. Lílé náà ni, ó kàn wọ kóòtù ni. Mo pe màámi lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ìró maṣíìnì wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́, nígbà tí mo parí, maṣíìnì dákẹ́.

"Iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò lè bà jẹ́ yẹn?"

"Ẹ̀n, mà."

"Bùọ̀dá mi tó ń ṣe fèrèsé n'Ífọ̀ ń wá ẹni tó máa máa bá wọn gbé gíláàsì," ni wọ́n sọ, maṣíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì. Èmi. Màámi ní ìgbàgbọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo di ẹrù mi sínú báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò, mo gbé e lérí. Mi ò lọ tààrà. Mo yí gba ẹ̀yìn láàbù, mo dúró síbẹ̀ nínú oòrùn títí ìdánwò fi parí. Kí lẹ rò? Èèyàn fi sùkúùlù sílẹ̀ torí ẹnì kan, ó yẹ kí ẹni náà rí i. Mo ti mọ bó ṣe máa rí: omijé díẹ̀, kó di ọwọ́ mi mú, kó ní, "Mi ò mọ̀ pé o lọ́kàn tó báyìí." Èmi á wá ní, "Kò tó nǹkan." Mo ti dán "kò tó nǹkan" yẹn wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ó jáde pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn. Ara ẹ̀ ti yá. Ó rí mi, ó dúró.

"Báwo ni ìdánwò?"

"Ó dáa."

"Mo ti sọ òótọ́ fún wọn, ṣé o gbọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Mo gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀ kó lè rí bó ṣe tóbi tó.

"Mò ń lọ nìyẹn o. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tán. Gbogbo ẹ̀ pátá, torí ẹ ni."

Mo sọ ojú mi kalẹ̀ díẹ̀, mo ń retí. Ó wo báàgì, ó wo ojú mi, ó ń bọ́ kóòtù funfun ẹ̀, ó ká a sápá.

"Ta ló ní kó o máàkì mi?"